Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: OHUN TÍ ABOYÚN LÈ FI NU ÀÁRÍN EYÍN RẸ̀

Ẹ̀yin ìyá, bí obìnrin bá lóyún, ara rẹ̀ a máa yí padà, erìgì ẹnu rẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Láti nǹkan bí oṣù kejì ni erìgì lè bẹ̀rẹ̀ sí wú, kí ó pọ́n, kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ọmọ inú ni ó ń jẹ eyín ìyá rẹ̀. Ìdọ̀tí tí ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ eyín ni ó ń fa wàhálà. Oyún kàn mú kí erìgì tètè gba ìpalára ni.

Àwọn ìyá mìíràn, bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀, wọn a pa fífọ eyín tì. Èyí kò dára. Bí ìdọ̀tí bá ti ń pọ̀ sí i ni ẹ̀jẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, àìsàn náà lè dé egungun tí ó di eyín mú, eyín a sì máa mì.

Pákò àti búrọ́ọ̀ṣì kì í dé àárín eyín dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun mẹ́ta tí a lè fi kún un:

1. Igi ìtayín. Kò wọ́n. Ó dára fún yíyọ ẹran tí ó há sí eyín, ṣùgbọ́n kì í nu ẹ̀gbẹ́ eyín tán. Bí a bá fi agbára tì í, ó lè gún erìgì tàbí kí ó kán síbẹ̀.

2. Òwú ìfọyín. Ó dára fún eyín tí ó fún mọ́ra. Ẹ gé e tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ wé e mọ́ ìka àárín ọwọ́ méjèèjì, ẹ rọra fà á wọlé, kí ẹ sì fi nu ẹ̀gbẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan lọ sókè sódò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gé erìgì.

3. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré àárín eyín. Ó dára fún ibi tí àlàfo wà. Ẹ yan èyí tí yóò wọlé láìfi agbára tì í. Ó ṣeé fọ̀, kí a sì tún lò.

Ní ọdún 2019, àjọ Cochrane gbé ìwádìí 35 yẹ̀ wò. Ó jọ pé òwú tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré, bí a bá fi kún fífọ eyín, lè dín àìsàn erìgì kù, àti pé búrọ́ọ̀ṣì kékeré lè ṣe é ju òwú lọ. Ẹ̀rí náà kò tíì lágbára púpọ̀. Nítorí náà, èyí tí ó bá wọ àárín eyín yín, tí apá yín sì ká, ni kí ẹ lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ má ṣe lo píìnì, abẹ́rẹ́, igi ìṣáná tàbí ẹ̀yọ ìgbálẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè jáde ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà eyín.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ máa wo ẹnu aboyún nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá wá. Ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó dúró di ìgbà tí ó bá bímọ. Ìtọ́jú eyín kò léwu nínú oyún. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni ó sì rọrùn jù.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ó ń mú kí erìgì aboyún ṣẹ̀jẹ̀?
2. Èwo ni ó yẹ eyín tí ó fún mọ́ra? Èwo ni ó yẹ eyín tí ó ní àlàfo?