Ta ló máa gbọ́ ẹjọ́ ilé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa?

Ìbéèrè: Opó ni mí, Jọ́bẹ̀lẹ̀ ni mò ń gbé, ọsàn ni mo ń tà ní Fìdítì. Ọwọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ọkọ mi ti gba ilé tí à ń gbé, oṣooṣù ló sì ń san owó rẹ̀ títí ó fi kú. Èmi náà ń san án lọ, àmọ́ mo ti jẹ oṣù mélòó kan sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbìmọ̀ wọn kọ̀wé pé kí n kó jáde láàárín ọjọ́ méje. Akọ̀wé ní kò sí kóòtù tó lè dá sí i, pé ọ̀gá àwọn alájẹṣẹ́kù ní ọ́fíìsì ìjọba nìkan ló lè gbọ́ ọ. Àbúrò ọkọ mi ní kí n lọ kóòtù ìbílẹ̀. Ọmọ mi ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ni. Èwo ni kí n gbà? Ta ni ò ní jẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi kí ẹjọ́ tó parí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, ìyá wa. Ohun tí ẹ bèèrè yìí, àwọn lọ́yà pàápàá máa ń fa ọ̀rọ̀ lé e lórí níwájú adájọ́, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni kò yé. Ìbéèrè méjì ló lẹ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀. Ọ̀kan ni pé ta ló máa parí ìjà. Èkejì ni pé ta ló máa dá ọwọ́ gbogbo èèyàn dúró títí ìjà yóò fi parí. Ìdáhùn wọn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀kan náà.

Akọ̀wé yẹn ò ṣì í tán. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ọdún 1993, ní abala 49, sọ pé bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́, láàárín ẹgbẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n gbé e lọ síwájú Dáírẹ́kítọ̀ tó ń bójú tó ọ̀ràn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyẹn ọ̀gá tí akọ̀wé ń sọ. Ó dárúkọ ẹni tó ń tipasẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ pẹ̀lú, ìyẹn ni pé ikú ọkọ yín ò yọ yín kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1934 ni Ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland, tó ti bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Punjab ní ilẹ̀ Íńdíà, kọ àbá rẹ̀ fún ìjọba amúnisìn. Òfin àkọ́kọ́ sì jáde ní 1935. Lójú tèmi, ó bọ́gbọ́n mu: kò yẹ kí owó tí àgbẹ̀ fi ń ra irúgbìn bá ẹjọ́ ẹgbẹ́ lọ.

Nítorí náà, iye tí ẹ jẹ, bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, bóyá ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé bó ṣe yẹ kí wọ́n tó kọ̀wé sí yín, gbogbo èyí jẹ́ ti Dáírẹ́kítọ̀. Ẹ kọ̀wé sí i lọ́la, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tí ẹ máa mú padà sílé. Ẹ̀dà yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Láti inú ẹjọ́ Madukolu àti Nkemdilim ní 1962 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé adájọ́ ò ní àṣẹ lórí ẹjọ́ tí ẹni tó pè é kò bá kọ́kọ́ ṣe ohun tí òfin ní kó ṣe. Ní 1993, nínú ẹjọ́ oyè kan láti Benin, ilé-ẹjọ́ kan náà tún un sọ pé bí òfin bá ti la ọ̀nà kan sílẹ̀, ẹ rin ọ̀nà yẹn ná.

Ibi tí akọ̀wé ti ṣì í ni “kò sí kóòtù tó lè dá sí i.” Òfin sọ ibi tí aáwọ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀, kò sọ pé kí ìgbìmọ̀ wá gbé bẹ́ẹ̀dì yín síta. Ẹni tó wà nínú ilé ní ẹ̀tọ́ tí òfin ń dáàbò bò, kódà bí ó bá jẹ gbèsè. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ já ilẹ̀kùn wọlé tì yín, èrò mi ni pé ìyẹn ti kúrò ní iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ìrúfin lórí ilé onílé ni, abala 272 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì fún Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ ní agbára láti gbọ́ ọ.

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ gan-an ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Àṣẹ ìdádúró, èyí tí adájọ́ fi ń dá ọwọ́ èèyàn dúró títí ẹjọ́ yóò fi parí, kì í dá nìkan dúró. Bí okùn ewúrẹ́ ló rí, ẹjọ́ gangan sì ni èèkàn. Bí ẹ bá ri èèkàn sí àgbàlá tí kì í ṣe tiyín, wọ́n máa hú u, okùn á sì bá a lọ. Bí lọ́yà yín bá kọ ọ́ sínú ẹjọ́ pé kí adájọ́ ṣírò gbèsè yín, lọ́yà ẹgbẹ́ á dìde, á ní ti Dáírẹ́kítọ̀ ni, àṣẹ ìdádúró á sì já bọ́. Ohun tí ẹ máa béèrè ni kí wọ́n má fagbára lé yín jáde nígbà tí Dáírẹ́kítọ̀ ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Ojukwu. Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù ní 1985 nígbà tí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fi ọlọ́pàá lé e jáde ní ilé 29 Queen's Drive, Ìkòyí. Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà. Ìjọba gba Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lọ pé kí wọ́n dá àṣẹ yẹn dúró, àwọn adájọ́ sì kọ̀ ní 1986: ẹni tó bá wà ní kóòtù kò gbọdọ̀ tún máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Wọn ò tíì sọ ẹni tó ni ilé náà lọ́jọ́ yẹn o.

Bí ọjọ́ méje yẹn bá ti ń tán lọ, lọ́yà yín lè bẹ adájọ́ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ẹjọ́ Kotoye àti Báńkì Àpapọ̀, ní 1989, ló ṣàlàyé rẹ̀: ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kánjúkánjú lóòótọ́, kì í ṣe pé ẹ̀yin lẹ fi falẹ̀, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ò ní pẹ́, títí wọ́n á fi gbọ́ tẹnu ẹgbẹ́ náà ni, ẹ ó sì ṣèlérí láti san ohun tó bá bàjẹ́ bí ó bá hàn lẹ́yìn pé kò yẹ kí wọ́n fún yín. Nínú ìwé ìbúra, ẹ má kàn kọ “wọ́n ń yọ mí lẹ́nu.” Ẹ kọ ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó mú ìwé wá, ibi tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára ilẹ̀kùn, ohun tó sọ lójú ọmọ yín. Ẹ so rìsíìtì àti ìwé ìpín ilé mọ́ ọn. Ẹ sọ gbèsè tí ẹ jẹ àti ìwé tí ẹ kọ sí Dáírẹ́kítọ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́; bí ẹgbẹ́ bá wá tú ohun tí ẹ bò mọ́lẹ̀, àṣẹ yẹn á bọ́.

Ti kóòtù ìbílẹ̀ tí àbúrò ọkọ yín dárúkọ, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ ni abala 41 Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi sí ọwọ́ wọn. Síbẹ̀, nínú ẹjọ́ Adisa àti Oyinwola ní ọdún 2000, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ìyẹn ò gba agbára lọ́wọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga. Ọmọ yín mọ ọ̀nà. Bí ẹgbẹ́ bá ní ayálégbé lásán ni yín, àwọn ló máa fún yín ní ìwé tó bófin mu, tí wọ́n á sì pe ẹjọ́ ní kóòtù Májísíréètì.

Bí wọ́n bá ti fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó dé kóòtù, ẹ má sọ pé ó ti tán. Adájọ́ ò lè dá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ dúró, àmọ́ ẹ lè bẹ̀ ẹ́ kó dá yín padà sínú ilé. Owó oṣù tó ń bọ̀, ẹ lọ san án sí àkáǹtì ẹgbẹ́ ní báńkì, kí ẹ sì tọ́jú tẹ́là rẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.