Bí Kò Bá Sí Iṣẹ́ Nílẹ̀ Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà n'Ìlá, l'Ókè-Ìlá àti l'Óṣogbo, ọ̀rọ̀ kan ń ká mi lára. Níbi ìpàdé kan láìpẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní AI ló bá òun ka kóòdù òun, tó sì kọ gbogbo àlàyé rẹ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Irinṣẹ́ tó ń to iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni, list_tasks, fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan. Ejẹ́ǹtì AI ló ń pè é láràárọ̀, kó lè mọ ẹni tí ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀ kò tíì pé àti ẹni tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ láago. Mo ka àlàyé náà. Ó dán lóòótọ́. Àmọ́ kò sí ibi kankan tó ti sọ ohun tí irinṣẹ́ yẹn máa dáhùn bí kò bá rí iṣẹ́ kankan mú wá.

Nígbà tó yá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Irinṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ sáfà, ó sì dá [] padà, àtòjọ òfìfo. Ejẹ́ǹtì kà á, ó kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ òní ti parí. Ìwé àwọn tó fẹ́ yáwó ṣì wà nílẹ̀ gelete! Wọ́n wá ń bú ejẹ́ǹtì. Kí ni ejẹ́ǹtì ṣe? Ohun tí wọ́n fún un ló kà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ n'Ìbàdàn kì í ti òkè ka ìwé àlàyé. Ìwé Unix tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie kọ́kọ́ gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1971 ni wọ́n fi kọ́ wa. Láti ìgbà yẹn ni ojú ìwé rẹ̀ ti ní àyè tirẹ̀ fún ohun tí ètò máa sọ bí nǹkan bá yíwọ́, àti fún àbùkù tí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ó ní. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá máa ń ṣí lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n mú mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí n fi grep wá Ìlá nínú fáìlì tí a kọ orúkọ ìlú sí, kí n sì wo nọ́ńbà tó fi sílẹ̀. Ó rí i: 0. Wọ́n ní kí n wá ìlú tí kò sí níbẹ̀: 1. Wọ́n ní kí n ṣi orúkọ fáìlì náà kọ: 2. Ìgbà méjì ni kò mú ìlú kankan wá, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì fi sílẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹni tó bá da 1 yìí pọ̀ mọ́ 2, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe." Ojúewé tí mo bá kọ tí kò ní ìyàtọ̀ yẹn, wọn kì í kà á tán. Wọ́n á dá a padà, wọ́n á ní, "Bí kò bá sí ńkọ́?" Wọ́n ti lọ báyìí. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn wọn bí mo bá ń kọ̀wé.

Ẹ̀yin náà mọ MCP, ìlànà tí Anthropic gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, kí AI lè máa pe irinṣẹ́ wa. Ẹ mọ name, ẹ mọ description, ẹ mọ inputSchema, n kò ní máa tún un sọ. Ìlànà kan náà fún yín ní isError, kí ejẹ́ǹtì lè mọ̀ pé irinṣẹ́ kùnà. Ta ló ń lò ó nínú yín? Ẹ ń ká àṣìṣe mọ́nú àtòjọ òfìfo, ẹ sì ń pè é ní ìrọ̀rùn.

Ẹ wo Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá wa. Ìran agbẹ́gilére ni wọ́n ti wá, síbẹ̀ wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bandele ọmọ Àreògún. Ọmọ iṣẹ́ ọnà á máa wo ọwọ́ ọ̀gá, ibi tí kò bá yé e, á bi í. Ejẹ́ǹtì ò rí ọwọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nìkan ló rí, nítorí náà ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Bí kò bá sí iṣẹ́, tasks á jẹ́ [], total á jẹ́ 0. Bí sáfà kò bá dáhùn, isError á jẹ́ true. Má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ ti parí. Tún pè é. Bí kò bá tún dáhùn, sọ fún akọ̀wé pé o kò rí àtòjọ gbà."

Òfìfo mìíràn tún wà tó ń fara pamọ́. Irinṣẹ́ mú 50 wá nínú 130, kò wí nǹkan kan, ejẹ́ǹtì sì gbà pé 50 náà ni gbogbo rẹ̀. Bí MCP bá ń to irinṣẹ́, nextCursor ló fi ń sọ pé ó kù. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún àtòjọ iṣẹ́ tiyín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àlàyé.

N kò ní kí ẹ má fi AI kọ àlàyé. Kóòdù ló ń kà, ohun tí kóòdù ń ṣe ló sì lè sọ. Ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ kí ejẹ́ǹtì ṣe lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú kò sí nínú kóòdù. Ẹ̀yin lẹ máa lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì sáfà yẹn fúnra yín, kí ẹ ní kí ejẹ́ǹtì ṣe iṣẹ́ àárọ̀. Bó bá kọ̀wé pé iṣẹ́ ti parí, ẹ má tíì gbé irinṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni.