Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Nígbà tí kọ̀ǹpútà kò bá gbà wá láyè

Ẹ̀kọ́ òní wà fún ẹni tí ń kọ ìwé ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà tí Linux wà nínú rẹ̀. Linux ni ètò tí ń darí gbogbo iṣẹ́ inú ẹ̀rọ. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland. Òun náà ló wà lábẹ́ Android, nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń rí ní Ṣábẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ kan, ẹ ó fẹ́ ṣí ìwé kan. Kọ̀ǹpútà yóò kọ èyí síwájú yín: Permission denied. Bí ó bá jẹ́ èdè Faransé ni ẹ̀rọ náà ń lò, yóò kọ: Permission non accordée. Ìtumọ̀ méjèèjì ni pé, "A kò gbà yín láyè." Ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́, kò sì sọ pé ìwé sọnù. Aṣọ́nà ló dá yín dúró.

1. Ìdí tí aṣọ́nà fi wà

Ẹ wo agbo ilé. Baálé ní àpótí nínú yàrá rẹ̀. Ó lè ṣí i, ó sì lè fi nǹkan sí i. Àwọn ará ilé lè wo inú rẹ̀ bí baálé bá gbà fún wọn. Àlejò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Linux pín ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tó ni fáìlì, ẹgbẹ́ tí a fi fáìlì náà sí, àti àwọn yòókù.

Ètò yìí ti pẹ́. Ó wá láti inú Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Kọ̀ǹpútà wọ́n gan-an nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo ẹyọ kan pọ̀. Bí kò bá sí aṣọ́nà, ẹnì kan ìbá ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́.

2. Bí a ṣe ń ka àmì

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ń ta kajú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kọ ìwọ̀n àpò olúkúlùkù sínú fáìlì tí ń jẹ́ iwon.txt. Ẹ kọ àṣẹ yìí, kí ẹ sì tẹ Enter:

ls -l iwon.txt

Kọ̀ǹpútà lè dáhùn báyìí:

-rw-r----- 1 akowe egbe 2140 Mar 12 09:30 iwon.txt

Àmì mẹ́wàá ló wà níwájú. Èyí àkọ́kọ́ sọ irú ohun tó jẹ́: - ni fáìlì, d ni fódà, ìyẹn ibi tí a ń kó fáìlì sí. Mẹ́sàn-án tó kù pín sí mẹ́ta-mẹ́ta.

r : àyè láti kà
w : àyè láti kọ
x : àyè láti mú ètò ṣiṣẹ́, bí ó bá jẹ́ fódà, àyè láti wọlé
- : kò sí àyè

Nítorí náà, akọ̀wé lè kà, ó sì lè kọ: rw-. Ẹgbẹ́ lè kà nìkan: r--. Àwọn yòókù kò ní àyè rárá: ---.

3. Ìbéèrè mẹ́ta tí a ó bi ara wa

Èkínní: Ta ni mo jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà? Ẹ kọ id. Ẹ ó rí orúkọ yín àti àwọn ẹgbẹ́ tí ẹ wà. Bí egbe kò bá sí níbẹ̀, àlejò ni yín. Ẹ bẹ alábòójútó ẹ̀rọ kí ó fi yín kún un. Bí orúkọ yín lórí ẹ̀rọ bá jẹ́ adunni, yóò kọ:

sudo usermod -aG egbe adunni

Kí ó má ṣe fo a kékeré yẹn. Bí ó bá fò ó, ẹ ó jáde kúrò nínú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí ẹ ti wà. Lẹ́yìn èyí, ẹ jáde kúrò lórí ẹ̀rọ, kí ẹ sì tún wọlé, kí àyè tuntun náà tó mú.

Èkejì: Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí ẹ bá ní r nìkan, ẹ lè kà, ẹ kò lè kọ. Bí ẹ bá fẹ́ mú ètò ìṣirò kan, isiro.sh, ṣiṣẹ́, tí aṣọ́nà sì kọ̀, ó lè jẹ́ x ni kò sí. Bí ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ kọ: chmod u+x isiro.sh

Ẹ̀kẹta: Ilẹ̀kùn wo ló wà lójú ọ̀nà? Ẹ kọ:

namei -l /home/egbe/kaju/iwon.txt

Ẹ ó rí àmì fódà kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Bí ẹyọ kan kò bá ní x fún yín, ẹ kò lè kọjá. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí, tí a kò ṣílẹ̀kùn ilé fún, kò tíì dé ìdí àpótí.

4. Ìkìlọ̀

Àwọn kan yóò sọ pé kí ẹ kàn kọ chmod 777 iwon.txt. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. r jẹ́ 4, w jẹ́ 2, x jẹ́ 1. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 7. Nítorí náà, 777 fún onífáìlì, ẹgbẹ́ àti àlejò ní gbogbo àyè.

Ẹ rò ó wò. Ìyá kan gbé kílò 80 kajú wá. Ẹnikẹ́ni tó bá lè wọ orí ẹ̀rọ náà, tó sì dé ìdí fáìlì, lè sọ 80 di 50. Owó kílò 30 ti lọ. Fáìlì ń fi ọjọ́ tí a yí i padà hàn. Kì í fi orúkọ ẹni tó yí i hàn. Ta ni ìyá náà yóò bi?

Bí igbákejì akọ̀wé bá ní láti kọ, ẹ fi í sínú ẹgbẹ́, kí akọ̀wé sì kọ chmod 660 iwon.txt. Ẹ rántí pé gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ni yóò lè kọ. Nítorí náà, kí orúkọ inú rẹ̀ má pọ̀.

Ẹ má fi sudo ṣe gbogbo iṣẹ́. Fáìlì tuntun tí a bá fi sudo ṣe sábà máa ń di ti root, ọ̀gá ẹ̀rọ. Lọ́la, aṣọ́nà lè dá akọ̀wé dúró lẹ́nu iṣẹ́ ara rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni: sudo chown akowe iwon.txt

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀: Ẹ kọ́kọ́ wá ìdí tí aṣọ́nà fi kọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹni tó yẹ ní ìwọ̀n àyè tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìtumọ̀ r, w àti x?
2. Kí ni a ń fi id wò?
3. Kí ni 640 fún ẹgbẹ́ láyè láti ṣe?
4. Nínú ẹgbẹ́ tiyín, ta ló yẹ kó lè kọ sínú ìwé owó? Ta ló yẹ kó kà á nìkan? Ẹ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì.