Oko Àjùmọ̀dá àti Pípín Irè Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí oko tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn dá láìgba owó, tí wọ́n sì ń pín irè rẹ̀ láàárín ara wọn àti àwọn aládùúgbò wọn. Mazamaza àti Festac Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbi tí ènìyàn pọ̀ tí ilẹ̀ kò sì pọ̀ ni ìṣòro irú oko báyìí ti ń hàn kedere.

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kì í ṣe ohun tuntun sí wa. Ọ̀mọ̀wé N. A. Fadipe, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìgbé-ayé àwọn Yorùbá jáde ní 1970, kọ̀wé nípa àáró àti ọ̀wẹ̀, àwọn àgbàlagbà inú yín kò sì nílò ìwé kí wọ́n tó rántí wọn. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba a pa ìmọ̀ pọ̀: lónìí wọn a ro oko Àjàyí, lọ́la oko Òjó, lọ́túnla oko Àìná, títí yóò fi kárí. Ẹni tí a bá ro oko rẹ̀ ti jẹ gbèsè, kò sì bọ́ nínú rẹ̀ àfi bí ó bá fi iṣẹ́ san án padà. Bí àìsàn bá dá a dúró, a rán ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ lọ. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀. Èrò a pé jọ láti kọ ebè tàbí láti mọ ilé, olóko a sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Ọkọ ìyàwó pẹ̀lú a máa kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Ẹni tí ó wá sí ọ̀wẹ̀ jẹ èrè rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó ṣe àáró yóò rí èrè rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ ni a ó sì fi san iṣẹ́. Ní oko àjùmọ̀dá, ẹni tí ó kọ ebè lónìí lè má rí ewé kan títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ẹnìkan ti rìnrìn-àjò, ẹnìkan wá lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn mẹ́ta ń fa koríko nínú oòrùn lójoojúmọ́ Sátidé, ẹlòmíràn kò sì mọ ọ̀nà oko àfi ní òwúrọ̀ ìkórè, tòun ti agbọ̀n ńlá lórí. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, ìkórè ni ó léwu fún oko àjùmọ̀dá ju ọ̀dá lọ.

Festac Town kò dàgbà bí àwọn ìlú baba wa ti dàgbà. Orí ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ sí, kí àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì 1977, lè rí ibi gbé. Lẹ́yìn àjọ̀dún ni a pín àwọn ilé náà fún ará ìlú. Títí di òní, Àwórì, Ègùn, Íbò, Ìjẹ̀bú àti ẹ̀yà mìíràn ń gbé ojúlé sí ojúlé níbẹ̀, ibùdókọ̀ Mazamaza sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ta ni yóò bẹ ọ̀wẹ̀ àna níbẹ̀? Ní abúlé, bí ẹnìkan bá sá fún àáró, àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ yóò ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Mazamaza, yóò kàn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni. Nítorí náà, ìwé ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ẹbí ń ṣe ní abúlé.

Ìwé náà kò ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé lọ. Orúkọ, ọjọ́ àti iṣẹ́ tí a ṣe ni a ó kọ sínú rẹ̀. Kí wákàtí méjì iṣẹ́ jẹ́ ìlà kan, yálà ẹnìkan kọ ebè ni o, tàbí ó pọn omi, tàbí ó fa koríko. Lójú mi, kò dára kí a máa wọn iṣẹ́ kan ju èkejì lọ, nítorí ẹni tí ó ń pọn omi kò ní gbà láé pé iṣẹ́ òun fúyẹ́. Kí akọ̀wé ka ìwé náà sókè kí a tó túká, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè gbọ́ iye ìlà tirẹ̀ kí ó sì jiyàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ní ọjọ́ ìkórè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. A kórè 60 ìdì tẹ̀tẹ̀. Kí a tó pín fún ẹnikẹ́ni, a yọ 12 sọ́tọ̀ fún àwọn arúgbó àti abiyamọ àdúgbò tí kò lè wá sóko. Bí a bá fi tiwọn sí ìgbẹ̀yìn, èyí tí ó ti rọ ni yóò kàn wọ́n, bí ọ̀kan bá tilẹ̀ kù. Ó ku 48. A ka ìlà inú ìwé, ó jẹ́ 24, nítorí náà ìlà kan gba ìdì 2. Ẹni tí ó ní ìlà 5 gba ìdì 10, ẹni tí ó ní ìlà 1 gba 2. Ẹni tí kò ní ìlà kò ní ìpín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ alága. Kí a pín in ní oko ní òwúrọ̀ náà, nítorí ewébẹ̀ kì í dúró de ìpàdé.

Ní ti ilẹ̀, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, yálà ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí iléeṣẹ́ ìjọba, kí ó sì wà ní kíkọ. Ẹ̀bá títì a máa wu àgbẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2009 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ ọ̀nà tí ó lọ sí Àgbádárìgì, katakata kì í sì í béèrè bóyá ewédú ti tó já.

Ọ̀rọ̀ omi ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fi omi gọ́tà tàbí omi kànáàlì bomi rin ewébẹ̀. Àrùn onígbáméjì tí ó jà ní Èkó ní oṣù kẹfà 2024 pa ènìyàn, inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kó bá ni àrùn náà sì ń gbà dé ara. Omi kànga tí ó jìnnà sí ṣáláńgá ni kí ẹ lò.

Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì ń gba omi dúró ní oṣù kẹfà àti ìkeje, nítorí náà kí ebè ga. Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó tó kórè ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ kò sì ní tíì rẹ̀wẹ̀sì. Ewédú a pẹ́ díẹ̀ sí i. Àgbàdo tí a gbìn nígbà tí òjò bá dúró dáadáa ń fẹ́ tó oṣù méjì àbọ̀ sí mẹ́ta kí ó tó ṣeé sè.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni a ó ṣe fún ẹni tí ó dára pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí àìsàn wá dá dúró? Àáró ti dá a lóhùn. Kí ọmọ rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ dípò rẹ̀, kí akọ̀wé sì kọ ìlà náà sí orúkọ aláìsàn, kì í ṣe sí orúkọ ẹni tí ó di ọkọ́ mú.