Ọjọ́ Kan Pẹ̀lú Màmá ní Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌBÉÈRÈ: Màmá mi ń bọ̀ láti Iléṣà lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni ọdún 72 ni wọ́n. Orúnkún ń dùn wọ́n díẹ̀, àmọ́ ara wọn ṣì yá gágá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ mi ní Festac, inú ilé ni wọ́n máa ń wà títí wọ́n á fi padà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí Èkó tí bàbá wọn máa ń ròyìn, Èkó tí omi yí ká. Mo ti rí àwọn tó máa ń mú èèyàn káàkiri lóòjọ́, àmọ́ ibi tí wọ́n ní àwọn máa dé lé ní mẹ́wàá. Ṣé màmá á lè rìn ín? Ṣé a tiẹ̀ nílò amọ̀nà, nígbà tí èmi náà ń gbé Èkó?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣé tí o ń ro ti màmá. Ẹ nílò amọ̀nà. Èmi tí mo ti ń mú èèyàn rìn ní Ìsàlẹ̀ Èkó tipẹ́, bí mo bá fẹ́ wọ agboolé tí n kò wọ̀ rí, ọmọ àdúgbò ni mo máa ń wá. Púpọ̀ nínú ilé tí à ń lọ wò, èèyàn ló ń gbé inú wọn, tí wọ́n ń sáṣọ, tí wọ́n ń wẹ ọmọ. Amọ̀nà gidi á kí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà, á kí àwọn géńdé tó jókòó sí ìkòríta, wọ́n á sì dá a lóhùn. Tí o bá fẹ́ yan ẹni tí ẹ máa bá lọ, má bi í pé ibi mélòó lẹ máa dé. Bi í pé ta ló mọ̀ níbẹ̀. Kí ẹ sì ti sọ̀rọ̀ owó tán kí ẹ tó kúrò nílé, títí kan owó ìwọlé àti ohun tí ẹ máa fún àwọn onílé.

Ibi mẹ́wàá ti pọ̀ jù fún orúnkún màmá. Mẹ́rin tó wọn.

Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ lọ, láàárọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, èrò ọjà Ìdúmọ̀tà àti Balógun kò ní jẹ́ kí wọ́n gbójú sókè, bẹ́ẹ̀ òkè gan-an ni nǹkan wà. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mile 2 lọ sí Marina. Ẹ kàn wádìí aago tó ń gbéra lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sì ní káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ lọ́wọ́, torí wọn kì í gba owó bébà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lápá ọ̀tún ni kí màmá jókòó sí. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní National Theatre, orí omi ló kù. Èbúté Àpápá á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, Ìsàlẹ̀ Èkó á sì yọ níwájú. Bàbá wọn kò rí i báyìí rí.

Pópó Àgùdà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àdúgbò àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé ni, tí iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà wà lọ́wọ́ wọn. Kí màmá wo òkè fèrèsé àtijọ́: òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ mọ sára ògiri, ewé rẹ̀ ká bí ewé tútù. Ní Kákáwá ni Water House wà. João Esan da Rocha ló ni ín, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní kékeré. Nígbà tó padà dé, kànga tó wà nínú ilé rẹ̀ ló sọ ilé náà lórúkọ, torí omi tó dùn ṣọ̀wọ́n ní Èkó, ríra làwọn èèyàn sì ń ra omi ibẹ̀. Mo mú ìyá Ìjẹ̀ṣà kan débẹ̀ rí. Ó fọwọ́ lé ògiri, ó dákẹ́ títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ki àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọmọkùnrin tí mò ń kọ́ níṣẹ́ fẹ́ máa ka ọdún lọ, mo fọwọ́ tọ́ ọ léjìká. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú màmá níbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí mọ́sálásí Shitta-Bey. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1894, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì fi oyè Bey dá Mohammed Shitta lọ́lá. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló kọ́ ọ. Sàró Mùsùlùmí (Sàró làwọn tó ti Sierra Leone padà wá) ló ni owó, Àgùdà ló ni ọwọ́. Kí màmá mú ìborùn dání, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó wọlé.

Ojú òde lẹ ti máa wo Ìgà Ìdúngànran, ààfin Ọba Èkó. Ẹ má ya fọ́tò láìgbàṣẹ.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn ilé Àgùdà ṣíwájú ni. Ilojo Bar, tí òun náà jẹ́ ilé Àgùdà, ti wà létí Tinubu Square láti 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1956. Lóṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá ń kọjá níbẹ̀. Èyí tó ṣì dúró, ẹ tètè lọ wò ó.

Freedom Park lẹ ó ti sinmi, tí ẹ ó ti jẹun. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1882 ni; Awólọ́wọ̀ ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Calabar. Láti 2010 ló ti di ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré orí ìtàgé báyìí. Igi wà níbẹ̀, ìjókòó wà, ilé ìyàgbẹ́ náà wà.

Mùsíọ́ọ̀mù Oníkan kò jìnnà síbẹ̀, àmọ́ ẹ fi í sí ọjọ́ mìíràn. Ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí ní 1976 wà níbẹ̀, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ ohun tí màmá máa wò kẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Bàtà pẹlẹbẹ ni kí wọ́n wọ̀. Bí wọ́n bá sì ti jókòó sábẹ́ igi, béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí bàbá wọn máa ń sọ nípa Èkó, kí o sì fi fóònù rẹ gba ohùn wọn sílẹ̀.