Èdè-Ìperí fún Ìtò Àsokọ́ra Kọ̀ǹpútà

Àsokọ́ra ni àkójọ kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ kí wọ́n lè máa ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí a ti tò wọ́n ni ìtò. Ìlànà tí a fi yan ọ̀rọ̀ níhìn-ín ni pé kí orúkọ ìtò kọ̀ọ̀kan fi agbára àti àléébù rẹ̀ hàn.

1. Ìtò òpópónà. Okùn kan ṣoṣo ni gbogbo kọ̀ǹpútà so mọ́, bí ilé ti í wà lẹ́bàá títì. Irú rẹ̀ ni Ethernet tí Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Xerox ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1973. Bí a bá yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, tí a pè é ní bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ èrò ni yóò wá sọ́kàn òǹkàwé. Ìtò yìí kò gba okùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà méjì bá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ wọn a forí gbárí. Bí okùn náà bá sì já, gbogbo rẹ̀ a dákẹ́.

2. Ìtò oríta. Okùn kọ̀ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá, gbogbo wọn sì pàdé lójú kan. Ìràwọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì pè é, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún ọmọ Yorùbá. Oríta sọ ọ́: bí ọ̀nà kan bá dí, àwọn yòókù ṣeé rìn, bí oríta bá dí, ìrìn parí.

3. Ìtò agbo. Iṣẹ́ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi yí ká. Nínú Token Ring tí IBM gbé jáde ní 1985, ọ̀pá àṣẹ kan ló ń yí ká. Kọ̀ǹpútà tí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè ránṣẹ́. Nítorí náà, kò sí ìforígbárí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kan bá já, agbo tú nìyẹn, àfi bí a bá pèsè ọ̀nà àbùjá.

4. Ìtò àwọ̀n. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan so mọ́ gbogbo èkejì rẹ̀. Bí okùn kan bá já, òmíràn wà. Ìnáwó ni àléébù rẹ̀: kọ̀ǹpútà 5 gba okùn 10, 10 gba 45, 50 gba 1,225. Ìdí nìyí tí a fi ń so apá kan, tí a ń fi apá kan sílẹ̀.

5. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Orúkọ kan ṣoṣo kì í tó fún àsokọ́ra kan. Nínú Token Ring, inú àpótí kan ni àwọn okùn ti pàdé, síbẹ̀ iṣẹ́ ń yí ká láàárín wọn. Ó yẹ kí a ya ìtò okùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìtò ìrìn-iṣẹ́. Oríta ni Token Ring ní ìtò okùn, agbo ni ní ìtò ìrìn-iṣẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ ní agbo nìkan yóò máa wá okùn tó yí yàrá ká nígbà tí àtúnṣe bá dé. Kò ní rí i, nítorí kò sí níbẹ̀. Inú àpótí ni àìsàn wà.