Bí A Ti Í Yan Apolówó Ọjà Láti Òde

Ní ọjà Igbókòdá, ẹni tí ó bá gbé ẹja yíyan tàbí edé gbígbẹ wá láti Ayétòrò tàbí Ugbónlà kò ní láti wá apolówó lọ títí. Oníbàárà ń fi ojú rí ọjà, ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì ń ná an. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ẹlẹ́ja bá fẹ́ kí ẹni tí ń gbé Èkó tàbí Lọ́ńdọ́ọ̀nù rà á, ọ̀nà mìíràn ni wọn yóò gbà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń gbé àwòrán ọjà wọn sí Facebook àti WhatsApp, tí àwọn mìíràn sì ń gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ apolówó.

Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní 1928 ni a dá West African Publicity sílẹ̀ láti máa polówó ọjà àwọn oníṣòwò Òyìnbó, irú UAC. Òun ni ó di Lintas lẹ́yìn náà.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í dédé pe ẹni kan kí ó sì kó owó lé e lọ́wọ́. Wọn a kọ́kọ́ kọ ìwé tí ó sọ ọjà tí wọ́n ń tà, irú ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó rà á, iye owó tí ń bẹ nílẹ̀, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí. Wọn a fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ apolówó mélòó kan, kí olúkúlùkù lè kọ àbá tirẹ̀ wá. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà àpò ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń béèrè: ọ̀kan fún bí a ó ti ṣe iṣẹ́, èkejì fún owó rẹ̀. Ti iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń tú, kí owó pọ́ọ́kú má baà fọ́ àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú.

Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja lè fi ojú ewé ìwé kan ṣoṣo ṣe é. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ta ni yóò ni ojú ewé tí a ṣí sórí Facebook? Bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí a gbà síṣẹ́ bá fi nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ṣí i, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ó lè bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú gbogbo oníbàárà tí ẹgbẹ́ fi ọdún méjì kó jọ. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ ni kí a lò, kí akọ̀wé àti akápò sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.

Kí a ya owó tí a ń san fún Facebook sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ apolówó, kí a sì máa rí ìwé ẹ̀rí ti èkíní. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè tẹ àtàǹpàkò sí àwòrán edé láìsí ẹni tí yóò ra kóńgò kan. Nítorí náà iye ẹja tí a tà ni kí apolówó máa jábọ̀ rẹ̀. Kí ó sọ pẹ̀lú ẹni tí yóò dá àwọn oníbàárà lóhùn lóru, àti bí ẹja yóò ti gúnlẹ̀ sí Èkó láìbàjẹ́.

Òfin pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òfin ARCON ti 2022 fẹ́ kí a yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò sì yọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni ARCON pe Meta, tí ó ni Facebook, lẹ́jọ́ ní Àbújá lórí ìpolówó tí a kò yẹ̀ wò, tí ó sì béèrè ₦30 bílíọ̀nù. Kí ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ apolówó ẹni tí yóò gba àṣẹ náà àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀.